Èèkù ọ̀pá ìdarí tó ní súìṣì: èwo ló yẹ bàálù tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́?

Ẹyẹlé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Bàálù oníjòókòó méjì ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ́, irú èyí tí awakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ máa ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí throttle (ohun tí a fi ń mú agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ tàbí dín kù) sì wà láàárín àwọn méjèèjì lára pátákó aago. Ìyẹ́ àti ìrù ti parí, mo sì ti dé ibi tí mo gbọ́dọ̀ ti pinnu ohun tí yóò wà lórí ọ̀pá ìdarí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà, nítorí ọ̀pá irin lásán ló ṣì wà níbẹ̀ báyìí. Bàálù náà yóò ní trim oníná méjì (ohun tí ń dín agbára tí ọwọ́ ń lò lórí ọ̀pá kù), ọ̀kan fún imú àti ọ̀kan fún ìyẹ́. Yóò ní flap oníná (apá ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń ṣí wálẹ̀ fún ìbalẹ̀), rédíò kan, àti ẹ̀rọ adáwakọ̀. Mo ti rí èèkù tó ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo ti rí èyí tó ní mẹ́jọ, mo sì ti rí àwọn tí àwọn kan fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ṣe fúnra wọn. Èwo ni kí n yàn, kí ni ó yẹ kí ó wà lórí rẹ̀, kí sì ni kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdí ọ̀rọ̀ kún ìmọ̀ràn yín, torí pé bí mo bá ti lu ihò sára ọ̀pá náà tán, kò ní ṣeé dí mọ́.

Awakọ̀ Àgbà:

A kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò kí ẹ tó ro èèkù. Nínú bàálù tí throttle rẹ̀ wà láàárín, ọwọ́ òsì ni ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì fi ń di ọ̀pá mú, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí throttle. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ẹni tó jókòó sí ọ̀tún. Nínú bàálù tí ìjókòó rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn, bíi RV-8, ẹ̀gbẹ́ òsì ni throttle wà, ọwọ́ ọ̀tún sì ni awakọ̀ fi ń di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ èèkù ni wọ́n gbẹ́ kí ó lè bá àtẹ́lẹwọ́ kan pàtó mu, tí ó fi jẹ́ pé àtàǹpàkò ọwọ́ kejì kò ní bá bọ́tìnnì níbi tó yẹ kó wà. Infinity Aerospace ń ṣe ti ọwọ́ òsì àti ti ọwọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn mìíràn sì ń ṣe èyí tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Èèkù B-8, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà lò nínú hẹlikópútà UH-1 àti ọ̀pọ̀ bàálù mìíràn, wuyì lójú púpọ̀, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó sì ga. Ẹ rí i pé ẹ dì í mú ní tòótọ́ kí ẹ tó ra á. Bí ọwọ́ yín bá kéré, àtàǹpàkò yín yóò máa na ọrùn kí ó tó dé bọ́tìnnì òkè, ìgbà kígbà tó bá sì ń na ọrùn ni ìka yòókù máa ń tú ọ̀pá sílẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ rò pé bọ́tìnnì lè ṣe sílẹ̀, kí ẹ sì bi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì. Èkínní ni pé: ǹjẹ́ mo nílò rẹ̀ ní àkókò tí ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kúrò lórí ọ̀pá? Èkejì ni pé: bí bọ́tìnnì yìí bá lẹ̀ lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́, tàbí tí itan mi, àpò mi tàbí ẹni tó jókòó tì mí bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ kí n tó mọ̀? Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó ṣèpinnu.

Bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ rédíò yege: a nílò rẹ̀ nígbà gbogbo, bí ó bá sì lẹ̀, ìkànnì ni yóò dí fún gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀, èyí tí ó burú gidi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rédíò òde òní máa ń dá ara wọn dúró lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Bọ́tìnnì tí ń já ẹ̀rọ adáwakọ̀ yege ju gbogbo wọn lọ, nítorí ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ ni ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń bá yín jà lórí ọ̀pá, kò sì yẹ kí ẹ máa wá bọ́tìnnì kiri nígbà náà. Trim yege bí a bá dáàbò bò ó, mo sì mọ̀ pé Wáyà Pupa yóò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ìpààrọ̀ ìkànnì rédíò dára fún ẹni tó máa ń dá fò, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni lára bí a bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ń tan ẹ́ńjìnnì kò yege. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, eyín stárítà yóò kọlu eyín ńlá tó ti ń yí kíkankíkan. Iná ẹ́ńjìnnì (ignition), póòmpù epo àti bátìrì gbogbogbòò kò ní iṣẹ́ kankan lórí èèkù, nítorí kò sí èyí tí a ń tàn tàbí tí a ń pa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Wáyà Pupa:

Ẹ ṣeun, Awakọ̀ Àgbà. Níbi bọ́tìnnì tó lẹ̀ yẹn ni èmi náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Súìṣì inú èèkù kéré, ìwọ̀n iná tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti iná ilé, èyí tí agbára rẹ̀ ń lọ sókè tó sì ń padà sí òdo ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Torí pé ó ń dé òdo, iná tó bá ta láàárín ẹnu súìṣì nígbà tí ó ń ṣí máa ń kú fúnra rẹ̀. Iná bátìrì kì í dé òdo. Nítorí náà, súìṣì tí wọ́n kọ áńpíà mẹ́fà sí fún iná ilé lè má lè já áńpíà mẹ́fà ti bátìrì láìjóná, pàápàá bí ohun tó wà ní òpin wáyà bá jẹ́ mọ́tò tàbí wáyà wíwé, tí kì í fẹ́ kí iná dúró lójijì. Ibi tí ẹnu súìṣì bá ti ń jó díẹ̀díẹ̀ báyìí ni yóò ti lẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́ kan, tí ìbéèrè kejì Awakọ̀ Àgbà yóò sì di ohun gidi lójú òfurufú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí bọ́tìnnì orí èèkù má ṣe gbé iná mọ́tò flap láéláé. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì pe relay (súìṣì tí iná kékeré ń ṣí tó sì ń tì), kí relay sì gbé iná náà. Kí ẹ sì fi diode kan (ohun tí iná ń gbà kọjá ní ọ̀nà kan ṣoṣo), bíi 1N4007, sí ẹ̀gbẹ́ wáyà wíwé relay náà, kí ìlà tó wà lára diode kọjú sí ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, nítorí pé nígbà tí bọ́tìnnì bá ṣí, wáyà wíwé náà yóò da fóòtì púpọ̀ padà sẹ́yìn, ẹnu súìṣì kékeré yẹn ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀ bí kò bá sí diode.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí náà wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Bí bọ́tìnnì bá ń bá ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníkì sọ̀rọ̀, bí àpẹẹrẹ rédíò tàbí ojú aago oníná, iná tó ń kọjá kéré jọjọ. Súìṣì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ fàdákà ń fẹ́ iná tó tó láti jó ìdọ̀tí ojú rẹ̀ kúrò. Bí iná bá kéré jù, ìdọ̀tí náà yóò máa pọ̀ sí i, bọ́tìnnì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lónìí kó má ṣiṣẹ́ lọ́la. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, súìṣì tí wọ́n fi wúrà bo ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Nítorí náà, kí ẹ tó ra èèkù, ẹ bi ẹni tó ń ṣe é léèrè irú súìṣì tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá ẹ lè pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá bàjẹ́. Èèkù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí pa, tí súìṣì kan kò ṣeé yọ nínú rẹ̀, ni èmi kì í fọwọ́ sí bí ó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí trim, nítorí ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí. Mọ́tò trim bíi T2-10A ti ilé iṣẹ́ Ray Allen ní wáyà márùn-ún tínrín: funfun méjì fún mọ́tò fúnra rẹ̀, mẹ́ta yòókù fún aago tí ń fi ibi tí trim wà hàn. Iná tó ń jẹ kò tó áńpíà kan. Kí mọ́tò náà tó lè yí sí ọ̀nà méjèèjì, a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù lára wáyà funfun méjì yẹn. Bí èèkù bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, súìṣì onílọ́po-méjì lè ṣe é tààrà. Nígbà tí èèkù bá di méjì, ẹnì kan lè máa tẹ imú sókè kí ẹnì kejì máa tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, bí ẹ bá sì so wọ́n pọ̀ láìfi ọgbọ́n ṣe é, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù yóò pàdé ara wọn.

Relay méjì ni ìdáhùn rẹ̀. Relay kan jẹ́ ti sókè, ọ̀kan jẹ́ ti sísàlẹ̀. Wáyà funfun kọ̀ọ̀kan so mọ́ ojú àárín relay tirẹ̀. Nígbà tí relay bá sinmi, ojú àárín yẹn kan nẹ́gẹ́tíìfù. Nígbà tí a bá pè é, ó fo sórí pọ́sítíìfù. Bọ́tìnnì orí èèkù méjèèjì kò ṣe ju pé kí wọ́n fi ẹ̀yìn wáyà wíwé relay kan nẹ́gẹ́tíìfù lọ. Ẹ wo ohun tí ètò yìí fún wa: bí ẹni méjì bá tẹ ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà funfun méjèèjì yóò wà lórí pọ́sítíìfù, kò ní sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, mọ́tò yóò sì dúró. Bí bọ́tìnnì sókè bá lẹ̀, tí trim bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, tí ẹ sì fi àtàǹpàkò tẹ sísàlẹ̀ bí ara yín yóò ti sọ fún yín, mọ́tò yóò dúró fún gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọwọ́ kejì yóò sì ráyè fa bíréékà trim (súìṣì ààbò tí ń já iná rẹ̀) jáde.

Nítorí náà, trim gbọ́dọ̀ ní bíréékà tirẹ̀, kó jẹ́ irú èyí tí ìka lè fà jáde, kó sì wà níbi tí ọwọ́ lè dé pẹ̀lú bẹ́líìtì lára. Kí a má ṣe da trim ìyẹ́ àti trim imú pọ̀ mọ́ bíréékà ohun mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìyára náà wà níbẹ̀: agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ojú trim ń pọ̀ ní ìlọ́po ìyára lọ́nà ìyára, èyí tó túmọ̀ sí pé bí bàálù bá sáré ní ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Trim tó bá yára tó fún ìbalẹ̀ lè yá jù nígbà tí bàálù bá ń sáré ní òkè. Ẹ̀rọ kékeré tí ń dín eré mọ́tò kù wà, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jiyàn.

Òòlù:

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti irin àti ike, nítorí èèkù tó bá tú lọ́wọ́ ènìyàn kì í bèèrè bóyá wáyà rẹ̀ dára.

Ṣáájú àtúnṣe ọdún 2017, òfin Part 23 ti Amẹ́ríkà fún àwọn bàálù kékeré tí ilé iṣẹ́ ń ṣe ka pọ́n-ùn 167, nǹkan bíi kílò 76, sí agbára tó pọ̀ jù tí awakọ̀ lè fi fa ọ̀pá síwájú tàbí sẹ́yìn, ó sì ka pọ́n-ùn 67, nǹkan bíi kílò 30, sí ti ẹ̀gbẹ́. Òfin náà kò de bàálù tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, síbẹ̀ òṣùwọ̀n rere ni. Ẹni tí ẹ̀rù bá ba lè fa ọ̀pá tó bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Nítorí náà, èèkù tí a kàn tì wọ orí ọ̀pá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù nìkan kò tó. Síkúrù tàbí píìnì gbọ́dọ̀ gba inú èèkù àti ara ọ̀pá kọjá, kí ó má baà yí po, kó má sì yọ. Ẹ fi ìwọ̀n tó péye wọn ìbú ọ̀pá yín níta àti nínú kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí pé ihò ìsàlẹ̀ èèkù kì í bá gbogbo ọ̀pá mu. Bí àlàfo bá wà, ẹ fi òrùka irin gígùn (bushing) dí i. Ẹ má ṣe fi téèpù dí i.

Èèkù ń mú kí ọ̀pá ga sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gé ọ̀pá kúrú nítorí rẹ̀. Gígé náà ní ohun tó ń mú wá. Bí ibi tí ọwọ́ yín dì mú bá jìnnà sí ibi tí ọ̀pá ti ń yí ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ẹ sì gé e di 50, ìdá kan nínú márùn-ún agbára àtijọ́ ni ọwọ́ yín yóò máa fi kún un fún iṣẹ́ kan náà. Nínú bàálù tí ọ̀pá rẹ̀ fúyẹ́ jù, èyí lè dára. Nínú èyí tó ti le tẹ́lẹ̀, yóò rẹ ènìyàn. Ẹ jókòó sínú bàálù pẹ̀lú bẹ́líìtì dídè, kí ẹ ti ọ̀pá dé òpin iwájú, òpin ẹ̀yìn àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì wò ó bóyá èèkù yóò kan pátákó aago, itan, tàbí irin bẹ́líìtì. Ibi tí èèkù bá ti fara kan ara ènìyàn, bọ́tìnnì kankan kò gbọdọ̀ wà lójú ibẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, n kò lòdì sí i. Ó dára púpọ̀ láti fi ṣe àwòṣe tí ènìyàn yóò fi mọ ibi tí ìka rẹ̀ ń dé. Ṣùgbọ́n ike PLA, tí ọ̀pọ̀ ń lò, ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 60 °C, yàrá awakọ̀ tó ní gíláàsì lórí sì lè gbóná gan-an nígbà tí bàálù bá wà nínú oòrùn. PETG ń dé nǹkan bí 80 °C, ABS sì ń kọjá 100 °C. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ABS tàbí ASA ni kí ẹ fi ṣe ti ìkẹyìn, kí ìpele títẹ̀ má ṣe tò ní ọ̀nà tí agbára ọwọ́ yóò fi ya á. Igi líle tí a gbẹ́ dáadáa ṣì wà lára ohun tó dùn mọ́ ọwọ́ jù lọ. Èèkù tí wọ́n ń fi ṣeré lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Wọn kò ṣe ike rẹ̀ tàbí súìṣì rẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí.

Àwòdì:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ ti sọ, àfi pé n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ flap dáadáa. Èmi fẹ́ kí ó wà lórí èèkù. Nígbà tí ìbalẹ̀ bá bàjẹ́ tí mo ní láti tún gbéra, ọwọ́ mi kan wà lórí ọ̀pá, èkejì ń ti throttle síwájú. Bí flap bá wà lábẹ́ àtàǹpàkò, mo lè máa ká a díẹ̀díẹ̀ láìtú ọwọ́ kankan sílẹ̀.

Awakọ̀ Àgbà:

Ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ yé mi, Àwòdì, ó sì jẹ́ ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo wò ni ìgbà tí ẹ kò ní í lọ́kàn láti tẹ̀ ẹ́. Bí flap bá ká lójijì nígbà tí bàálù wà nítòsí ilẹ̀ tí eré rẹ̀ sì kéré, bàálù yóò rì. Bí ó bá ṣí nígbà tí eré ti kọjá èyí tí a fi ààyè gbà fún flap, yóò ba flap jẹ́ tàbí kó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì flap àti bọ́tìnnì trim máa ń wà nítòsí ara wọn lórí èèkù, ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Mo fẹ́ràn kí súìṣì flap wà lára pátákó, ní ẹ̀gbẹ́ throttle gan-an, níbi tí ìka ọwọ́ tó wà lórí throttle ti lè kàn án. A ó rí àǹfààní tí ẹ ń wá láìsí ewu rẹ̀.

Àwòdì:

Tí a bá fi ẹ̀rọ tí ń ka ìyára bàálù ṣe alábòójútó rẹ̀ ńkọ́, tí kì í jẹ́ kí flap ṣí nígbà tí eré bá ti pọ̀ jù?

Awakọ̀ Àgbà:

Ìyẹn dí ilẹ̀kùn kan, ó sì ṣí òmíràn sílẹ̀, torí pé kíká lójijì nítòsí ilẹ̀ ṣì wà. Bí ẹ bá ṣe é, kí ó jẹ́ pé títẹ̀ kan yóò ká flap ní ìpele kan péré, kí ó sì dúró.

Ẹyẹlé:

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti pinnu báyìí pé flap yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ throttle. Lórí èèkù, mo fẹ́ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ lábẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, bọ́tìnnì ọlọ́nà mẹ́rin fún trim lábẹ́ àtàǹpàkò, bọ́tìnnì pupa fún jíjá ẹ̀rọ adáwakọ̀, àti ọ̀kan fún ìpààrọ̀ ìkànnì. Ìbéèrè mi tó kù ni ti ọ̀pá ẹnì kejì. Nígbà mìíràn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fífò ni yóò jókòó síbẹ̀. Ṣé kí n fún un ní gbogbo bọ́tìnnì náà? Báwo sì ni wáyà yóò ṣe gba inú ọ̀pá tó ń mì lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó já?

Wáyà Pupa:

Ẹ fún èèkù kejì ní ìsọ̀rọ̀, trim àti jíjá ẹ̀rọ adáwakọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi súìṣì kan sára pátákó níwájú yín tí ń já trim ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Pẹ̀lú ètò relay tí mo ṣàlàyé, ó rọrùn: wáyà nẹ́gẹ́tíìfù tí bọ́tìnnì trim ọ̀tún ń lò nìkan ni súìṣì yẹn yóò máa já. Ẹ má ṣe já bọ́tìnnì tí ń dá ẹ̀rọ adáwakọ̀ dúró. Ẹnikẹ́ni tí ìdààmú bá dé bá gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀pá ọ̀tún bá ṣeé yọ, ẹ fi kọ́nẹ́tọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé nígbà tí a bá yọ ọ́, ojú kọ́nẹ́tọ̀ tó kù nílẹ̀ ní ìdérí, nítorí irin kan tó bá jábọ́ sínú rẹ̀ lè pe trim tàbí rédíò.

Kí wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ má ṣe so mọ́ ara bàálù nítòsí ìjókòó. Ẹ mú un padà sí ilẹ̀ iná rédíò tàbí ti intercom (ẹ̀rọ tí àwọn tó wà nínú bàálù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) fúnra rẹ̀, kí ariwo ẹ́ńjìnnì má baà wọ inú ohùn. Lójú ihò gbohùngbohùn bàálù, ṣóńṣó ni ti bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀, òrùka àárín ni ti ohùn, ìdí rẹ̀ ni nẹ́gẹ́tíìfù. Bí ihò náà bá wà lára irin, ẹ fi òrùka ike (washer) yà á kúrò lára irin.

Wáyà tó yẹ ni onífọ́nrán púpọ̀, irú MIL-W-22759/16 tí awọ rẹ̀ jẹ́ Tefzel, ní ìwọ̀n 22 tàbí 24 ti AWG (òṣùwọ̀n wáyà ti Amẹ́ríkà). Wáyà ẹyọ kan líle kò gbọdọ̀ wọ ibi tó ń mì, nítorí yóò dá nínú awọ rẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i. Ibi tí a bá ti fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà ń le, ó sì ń dá ní etí líle yẹn. Nítorí náà, inú èèkù, ẹ so wáyà mọ́lẹ̀ nítòsí ibi tí a jó o, kí ìmì má baà dé ibẹ̀. Ẹ fi wáyà méjì tàbí mẹ́ta tí kò ní iṣẹ́ kún un. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi bọ́tìnnì kan kún un lẹ́yìn ọ̀la.

Òòlù:

Ní ti ọ̀nà tí wáyà yóò gbà jáde: bí ìsàlẹ̀ ọ̀pá bá ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó gbà. Bí kò bá ṣí, kí ẹ tó lu ihò, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ya àwòrán bàálù náà, nítorí ibi tí ọ̀pá ti ń yí ni agbára títẹ̀ ti pọ̀ jù, ihò tó bá wà níbẹ̀ sì ń sọ irin di aláìlágbára. Síwájú àti sẹ́yìn ni ọ̀pá ti ń rí agbára tó pọ̀ jù. Ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kò burú tó èyí tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Ẹ fi fáìlì yọ gbogbo etí mímú ihò náà, kí ẹ fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi àlékún wáyà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí òrùka tó dẹ̀, kí ó lè bá ọ̀pá lọ dé òpin gbogbo láìfà. Ìwé AC 43.13-1B tí FAA, àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1998 ní ìlànà nípa síso wáyà àti dídáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ìfararo. Ẹ kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wáyà tí ó bá wà lábẹ́ ìjókòó kò gbọdọ̀ lè há sí àárín ọ̀pá àti irin kankan, torí wáyà tó há lè di ọ̀pá ìdarí fúnra rẹ̀ mú, èyí tó burú ju bọ́tìnnì tí kò ṣiṣẹ́ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Awakọ̀ Àgbà:

Ẹyẹlé, ibi tí ẹ pinnu sí dára. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì pupa náà yàtọ̀ sí èyí tí ń pààrọ̀ ìkànnì ní ìrísí, kì í ṣe ní àwọ̀ nìkan, nítorí ojú yín kò ní wà lórí èèkù nígbà tí ẹ bá ń wá a. Kí ọ̀kan yọ sókè, kí èkejì wọ inú. Trim gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ọ̀nà tí ọ̀pá ń lọ: títi àtàǹpàkò síwájú ń mú imú wálẹ̀, fífà á sẹ́yìn ń gbé imú sókè, òsì jẹ́ òsì, ọ̀tún jẹ́ ọ̀tún. Ẹ má ṣe gbára lé àwọ̀ wáyà láti mọ èyí. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn bàálù kí ó máa wo ojú trim fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ sì rántí pé nígbà tí ojú trim ẹ̀yìn bá lọ sókè, imú bàálù ni ó ń wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń so ó ní òdì.

Kí ẹ tó fò, ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ lórí èèkù méjèèjì, kí ẹ sì yí ọ̀pá dé òpin gbogbo nígbà tí ìka yín ṣì wà lórí rẹ̀. Rédíò kò gbọdọ̀ já, trim kò gbọdọ̀ mì láìjẹ́ pé a pè é. Ẹ tẹ sókè ní òsì àti sísàlẹ̀ ní ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ rí i pé mọ́tò dúró. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ojú dé, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pe orúkọ bọ́tìnnì, kí ẹ fọwọ́ kàn án, títí ìka yín kò fi ní ṣìnà mọ́. Nígbà àyẹ̀wò lójú òfurufú, ní gíga tó pọ̀ àti ní eré kékeré, ẹ jẹ́ kí trim imú lọ dé òpin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì, kí ẹ sì mọ iye agbára tí ọwọ́ yín nílò láti dá bàálù dúró ní títọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọwọ́ kan kò bá tó, ẹ dín ibi tí trim lè dé kù kí ẹ tó tún gbé ẹnikẹ́ni sí ìjókòó kejì.

Ẹyẹlé:

Mo gbọ́, ẹ̀yin àgbà. Èèkù ọwọ́ òsì kan àti ti ọwọ́ ọ̀tún kan ni mo fẹ́ bèèrè fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú súìṣì tó ṣeé pààrọ̀. Relay méjì fún trim imú, méjì fún ti ìyẹ́, bíréékà tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ̀wé sí ẹni tó ya àwòrán bàálù náà nípa ihò wáyà. N kò ní fọwọ́ kan ọ̀pá kí èsì rẹ̀ tó dé.